Bí Ẹ Ṣe Lè Bẹ̀rẹ̀ Jimnásíìkì ní Ọjọ́ Orí Yòówù

Ọrùn-ọwọ́ ló kọ́kọ́ máa ń pariwo bí àgbàlagbà bá bẹ̀rẹ̀ jimnásíìkì. Ẹni ogójì ọdún tó ń jókòó sídìí kọ̀ǹpútà láti àárọ̀, tó ń wakọ̀ lọ, tó ń wakọ̀ bọ̀, lè lágbára dáadáa, àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ kò gbé ara rẹ̀ mọ́ láti ìgbà tó ti fi ìrákò sílẹ̀. Bó bá wo fídíò lónìí, tó ju ẹsẹ̀ sókè lára ògiri lọ́la, apá lè gbà á, ọrùn-ọwọ́ ò ní gbà. Ìdí ni pé ẹran ara máa ń le sí i láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan téèyàn bá ń lò ó, ṣùgbọ́n iṣan tó so ẹran mọ́ eegun, àtèyí tó so eegun mọ́ eegun, máa ń gba ọ̀pọ̀ oṣù. Àárín àkókò méjèèjì yìí gan-an ni àwọn èèyàn ti ń fara pa.

Torí náà, bí ẹ ṣe tò ó ṣe pàtàkì ju iye ọdún yín lọ. Ẹni ọdún 8 àti ẹni ọdún 58 lè tẹ̀lé ètò kan náà. Iye ọ̀sẹ̀ tí oníkálukú máa lò nídìí ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló máa yàtọ̀.

Òkìtì kì í ṣe ohun àjèjì nílẹ̀ wa. Àwọn egúngún alárìnjó ti ń ta á lójú agbo tipẹ́tipẹ́. Nínú jimnásíìkì ti ìdíje, Uche Eke ló kọ́kọ́ dúró fún Nàìjíríà ní Òlíńpíìkì, níbi ìdíje Tokyo tí wọ́n ṣe lọ́dún 2021. Nígbà tó sì di Paris lọ́dún 2024, Kaylia Nemour ti ilẹ̀ Àlùjíríà gba góòlù lórí ọ̀pá méjì tí gíga wọn kò dọ́gba. Ṣùgbọ́n ẹ kò nílò ìdíje kankan kí ìdárayá yìí tó wúlò fún yín.

Eegun máa ń nípọn níbi tí ẹrù bá ti ń wọ̀ ọ́. Rírìn àti sísáré ń gbé ẹrù lé ẹsẹ̀ àti ìbàdí. Jimnásíìkì fi apá àti ọrùn-ọwọ́ kún un, ọrùn-ọwọ́ sì wà lára ibi tó sábà máa ń kán bí àgbà bá ṣubú. Ó tún ń kọ́ ara láti mọ ibi tí ẹsẹ̀ àti ọwọ́ wà láìjẹ́ pé ojú ń wò wọ́n, ohun tí kì í jẹ́ kéèyàn ṣubú nínú òkùnkùn nígbà tí NEPA bá mú iná lọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kí àgbàlagbà máa ṣe ìdárayá ìwọ̀ntúnwọ̀nsì fún ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀, kó fi èyí tó ń mú ẹran ara le kún un ní ọjọ́ 2 ó kéré tán. Ẹni tó ti pé ọdún 65 tún gbọ́dọ̀ máa ṣe èyí tó ń kọ́ ara ní ìdúróṣinṣin, ní ọjọ́ 3 lọ́sẹ̀. Jimnásíìkì ní èyí tó kẹ́yìn yìí nínú láti ọjọ́ àkọ́kọ́.

Ẹ máa gbọ́ orúkọ Oksana Chusovitina ti ilẹ̀ Uzbekistan, tó lọ sí Òlíńpíìkì mẹ́jọ láti 1992 dé Tokyo, tó ti pé ẹni ọdún 46 nígbà yẹn. Ẹ máa gbọ́ ti Johanna Quaas, ìyá àgbà ará Jámánì tí ìwé àkọsílẹ̀ Guinness kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dún 2012, lẹ́ni ọdún 86, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó dàgbà jù lágbàáyé nínú iṣẹ́ yìí. Iṣẹ́ ńlá ni àwọn méjèèjì ṣe. Ṣùgbọ́n ọmọdé ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé má fi ohun tí wọ́n ń ṣe díwọ̀n ara rẹ̀.

Ta ló yẹ kó kọ́kọ́ rí dókítà?

Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ kò tíì wálẹ̀, ẹni tó ní àìsàn ọkàn, ẹni tó ní glaucoma (àrùn ojú tó máa ń wá látinú ìfúnpá inú ojú tó ga), aláboyún, ẹni tí eegun rẹ̀ ti ń fẹ́lẹ́. Bí orí bá wà nísàlẹ̀, ìfúnpá inú ojú àti inú orí máa ń ga. Ẹni tó ní glaucoma kò gbọ́dọ̀ dorí kodò rárá. Ẹni tí eegun ẹ̀yìn rẹ̀ ti fẹ́lẹ́ kò gbọ́dọ̀ yí gbirigbiri, torí eegun náà lè fọ́. Ẹni tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde náà lè ṣe ìdárayá, ṣùgbọ́n àárẹ̀ àti òǹgbẹ lè dá ìrora sílẹ̀ fún un, àrùn náà sì máa ń ba oríkèé ìbàdí jẹ́ nígbà mìíràn. Kí dókítà rẹ̀ mọ̀ sí i, kó máa mu omi kí òǹgbẹ tó gbẹ ẹ́, kó sì dúró kó tó rẹ̀ ẹ́. Ìgbésẹ̀ 1 sí 3 nísàlẹ̀ yìí kò ní orí kodò nínú, dókítà sì sábà máa ń fọwọ́ sí wọn.

Ibi tí ẹ máa lò, àti aṣọ

Àyè tó fẹ̀ ní mítà 2, tó gùn ní mítà 3, ti tó. Ẹ wá máàtì tó le díẹ̀, tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 4 tàbí 5. Ẹní lórí táìsì máa ń yọ̀. Fóòmù ibùsùn rọ̀ jù fún ohun tí ẹ bá fẹ́ fi ọwọ́ gbé: ọwọ́ á rì sínú rẹ̀, ọrùn-ọwọ́ á ká kọjá ààlà. Àmọ́ fóòmù yẹn dára fún yíyí gbirigbiri, bẹ́ẹ̀ náà sì ni koríko tàbí iyanrìn tí ẹ ti ṣa ìgò àti òkúta kúrò nínú rẹ̀. Ẹ fi téèpù fa ìlà kan sílẹ̀ tó gùn ní mítà 5, kó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 10: bí igi tí àwọn obìnrin máa ń rìn lórí rẹ̀ nínú ìdíje ṣe tóbi gan-an nìyẹn, àfi pé tiwọn ga ní sẹ̀ǹtímítà 125.

Ẹsẹ̀ lásán ni kí ẹ lò, kì í ṣe ìbọ̀sẹ̀. Ẹ bọ́ òrùka, yẹtí àti aago ọwọ́. Kí àwọn obìnrin bọ́ ìlẹ̀kẹ̀ ìdí, torí ó máa ń tẹ eegun ẹ̀yìn bí ara bá ń yí, kí wọ́n má sì kó irun jọ sí ìpàkọ́: ibi tó yẹ kó kan ilẹ̀ nìyẹn. Ẹ pín irun sí méjì, ẹ so ó sí ẹ̀gbẹ́ ọrùn. Bí ẹ bá jẹ iyán tàbí ẹ̀bà, ẹ jẹ́ kó tó wákàtí 2 sí 3.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ yẹ ara yín wò

Ẹ dúró lórí ẹsẹ̀ kan fún ìṣẹ́jú-àáyá 10, kí ẹ tún fi èkejì ṣe é. Lẹ́yìn náà, ẹ kúnlẹ̀, ẹ tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sílẹ̀ lábẹ́ èjìká, kí apá nà tán, kí ẹ rọra sún èjìká síwájú títí tó fi kọjá orí ìka. Bí ìrora bá dé kí èjìká tó dé ibẹ̀, ọrùn-ọwọ́ kò tíì ṣe tán fún ìdúró lórí ọwọ́. Ìkẹta: ẹ fẹ̀yìn ti ògiri, kí gìgísẹ̀ jìnnà sí i ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 10, kí ìbàdí òun ẹ̀yìn lẹ̀ mọ́ ọn, kí ẹ gbé apá méjèèjì sókè ní nínà títí àtàǹpàkò fi máa kan ògiri. Bí ẹ̀yìn bá kúrò lára ògiri, èjìká ló dì. Ẹ rántí àbájáde yìí, torí òun ló máa ṣàlàyé ohun tí ẹ máa bá pàdé ní ìgbésẹ̀ 5.

Ìgbésẹ̀ 2: Ọrùn-ọwọ́, ìṣẹ́jú 5 lójoojúmọ́

Àgbàlagbà kì í ka ibí yìí sí, ibí sì ni iṣẹ́ wà. Ẹ wà lórí eékún àti ọwọ́:

- Kí ìka kọjú síwájú. Ẹ sún ara síwájú sẹ́yìn, ìgbà 10.
- Kí ìka kọjú síta. Ẹ sún ara sọ́tùn-ún sósì, ìgbà 10.
- Kí ìka kọjú sí eékún. Ẹ sún ìdí sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, ìgbà 10. Ẹ má fi agbára ṣe é.
- Ẹ yí ọwọ́ padà, kí ẹ̀yìn ọwọ́ wà nílẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, ìgbà 5.
- Ẹ tún tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sílẹ̀. Ẹ gbé ìdí àtẹ́lẹwọ́ kúrò nílẹ̀ kí ó ku ìka nìkan, kí ẹ dá a padà, ìgbà 10 sí 15.

Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ló ṣòro jù, òun náà ló sì ń mú kí ìka mọ bí wọ́n ṣe ń di ilẹ̀ mú nígbà tí ẹsẹ̀ bá wà lókè. Bí ẹ̀yìn ọrùn-ọwọ́ bá ń dùn yín, ẹ fi ìkúùkù ṣe ìdárayá yòókù fún ọ̀sẹ̀ 2, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi ti ọrùn-ọwọ́ fúnra rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ kàn dín ìwọ̀n ara tí ẹ ń gbé lé e kù.

Ìgbésẹ̀ 3: Kí ara dúró bí ohun kan ṣoṣo

Ẹ dùbúlẹ̀ lórí ẹ̀yìn, ẹ ká eékún, ẹ tẹ ẹ̀yìn ìsàlẹ̀ mọ́lẹ̀ títí ọwọ́ kò fi lè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Ẹ gbé èjìká kúrò nílẹ̀, ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò nílẹ̀, ẹ di í mú fún ìṣẹ́jú-àáyá 10, ẹ sinmi, kí ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta. Bó bá rọrùn, ẹ na ẹsẹ̀ kan, lẹ́yìn náà méjèèjì, lẹ́yìn náà apá lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí. Gbàrà tí ẹ̀yìn bá ti gbéra, ẹsẹ̀ ti lọ sílẹ̀ jù nìyẹn. Ẹ gbé e sókè padà. Tí ẹ bá ti ń dé ìṣẹ́jú-àáyá 30 láìgbọ̀n, ẹ ti ní ìdajì ìdúró lórí ọwọ́ lọ́wọ́, torí ìrísí kan náà ni, orí ló wà nísàlẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, ẹ dojú bolẹ̀, ẹ gbé apá àti ẹsẹ̀ sókè díẹ̀ fún iye àkókò kan náà. Kí ẹ tó parí, ẹ rìn lórí ìlà téèpù yẹn ní lílọ àti bíbọ̀, gìgísẹ̀ sí ọmọ ìka, lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ wo iwájú, ẹ má wo ẹsẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 4: Bí a ṣe ń ṣubú, àti òkìtì iwájú

Ẹ má fo ibí yìí. Ẹni tó bá ṣubú sẹ́yìn máa ń na ọwọ́ sẹ́yìn láti gba ara rẹ̀, apá á nà tán, gbogbo ìwọ̀n ara á sì wọ ọrùn-ọwọ́ tàbí ìgúnpá. Ohun tó yẹ ni pé kí ẹ jókòó wálẹ̀, kí ẹ̀yìn tẹ̀ bíi ti ìgbín nínú ìkarahun, kí àgbọ̀n lẹ̀ mọ́ àyà, kí ẹ yí lọ sẹ́yìn, kí apá méjèèjì wà níwájú. Ẹ jókòó sórí máàtì, ẹ gbá eékún mọ́ra, ẹ yí sẹ́yìn dé eegun èjìká, ẹ padà wá jókòó. Ìgbà 10. Ọrùn kò gbọ́dọ̀ kan ilẹ̀. Nígbà tó bá ti mọ́ yín lára, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìlóṣòó, lẹ́yìn náà láti ìdúró.

Fún òkìtì iwájú, ẹ fi ohun kan sábẹ́ ìpẹ̀kun kan fóòmù yín kó lè ga ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 30, kó sì dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ẹ lóṣòó sí òkè rẹ̀, ẹ tẹ́ ọwọ́ síwájú ní ìwọ̀n èjìká, ẹ fi àgbọ̀n mọ́ àyà, ẹ gbé ìdí sókè, ẹ fi ẹsẹ̀ ti ara. Ìpàkọ́ ló kọ́kọ́ fara kan ilẹ̀, díẹ̀ báyìí, kí ẹ̀yìn èjìká tó gba ara. Àtàrí kò gbọ́dọ̀ gbé ìwọ̀n ara láéláé. Apá ló ń gbé e. Bí ẹ bá ti fẹ́ dìde, ẹ fa gìgísẹ̀ mọ́ ìdí, kí ẹ na ọwọ́ síwájú bí ẹni fẹ́ gba nǹkan lọ́wọ́ ẹnìkan.

Bí ẹ bá ń nà gbalaja lẹ́yìn yíyí, ẹ ti tú ara sílẹ̀ jù, ẹ ti tètè na ẹsẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ kan ni ẹ ń yí sí ṣáá, apá kan ń ká kí èkejì tó ká. Bí òòyì bá ń kọ́ yín, kò sí ohun tó burú: àgbàlagbà ti pẹ́ tó ti yí gbẹ̀yìn, etí inú nílò àkókò. Ẹ ṣe 3 péré lọ́jọ́ kan ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kí ẹ máa sinmi láàárín wọn.

Ní ti òkìtì ẹ̀yìn, ẹ má dá a kọ́ nílé. Ọrùn ló ń gbà á bí apá bá kùnà.

Ìgbésẹ̀ 5: Ìdúró lórí ọwọ́ lára ògiri

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kí ẹ tó fi ọ̀sẹ̀ 6 ó kéré tán ṣe ìgbésẹ̀ 2 àti 3. Ẹ kọ́kọ́ wà ní ipò ẹni tó fẹ́ ṣe press-up, kí apá nà, fún ìṣẹ́jú-àáyá 30. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé ẹsẹ̀ sórí àga tí kò lè yẹ̀, ẹ gbé ìdí sókè títí yóò fi wà lókè èjìká, ìṣẹ́jú-àáyá 20. Nígbà tí méjèèjì bá rọrùn, ẹ kọ ẹ̀yìn sí ògiri, ẹ tẹ́ ọwọ́ sílẹ̀ ní bíi mítà 1 sí i, ẹ fi ẹsẹ̀ gun ògiri. Ikùn ni yóò kọjú sí ògiri. Kì í ṣe pé ká ju ẹsẹ̀ sókè kí ẹ̀yìn fi gbá ògiri, torí ìyẹn ń kọ́ ara láti tẹ̀ sẹ́yìn.

Ọjọ́ àkọ́kọ́, kí ẹsẹ̀ dé ìdajì ògiri péré. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti kọ́ bí ẹ ṣe máa jáde: ẹ gbé ọwọ́ kan síwájú bí ìgbà téèyàn ṣí ẹsẹ̀, kí ara yí sí ẹ̀gbẹ́, kí ẹsẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ ṣe é lápá ọ̀tún àti lápá òsì títí ẹ̀rù rẹ̀ á fi kúrò lára yín. Ẹni tó mọ bí a ṣe ń jáde kì í gan pa nígbà tó bá wà lókè, ara gígan yìí ló sì ń ṣubú.

Lẹ́yìn náà ni kí ẹ máa sún ọwọ́ mọ́ ògiri díẹ̀díẹ̀, títí yóò fi ku sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20. Kí ìka là, kí ìka àárín kọjú síwájú. Ẹ ti ilẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ yín, kí èjìká fẹ́rẹ̀ẹ́ kan etí. Ẹ wo àárín ọwọ́ méjèèjì, ẹ má gbé orí sókè láti wo iwájú. Ẹ máa mí. Bí ara bá fẹ́ ré kọjá sódì kejì, ẹ fi orí ìka tẹ ilẹ̀. Bó bá fẹ́ padà sí ibi tó ti wá, ẹ fi ìdí àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́. Ìṣẹ́jú-àáyá 10 ní ìgbà 6 sàn ju ìṣẹ́jú kan tí ara ti ń gbọ̀n lọ, torí ohun tí ara bá ṣe nígbà tó ti rẹ̀ ẹ́ náà ló ń kọ́.

Bí ẹ̀yìn bá ń tẹ̀ bí ọrun ọdẹ ṣáá, ẹ padà lọ wo àyẹ̀wò ògiri ti ìgbésẹ̀ 1. Èjìká tó dì kò lè na tán, ẹ̀yìn ìsàlẹ̀ á wá máa tẹ̀ láti rọ́pò rẹ̀, òun ló sì máa ń dùn lọ́jọ́ kejì. Nínà èjìká ni oògùn rẹ̀: ẹ kúnlẹ̀ síwájú àga, ẹ gbé ìgúnpá lé e, ẹ jẹ́ kí àyà sọ̀ kalẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá 30, lẹ́ẹ̀mẹta.

Ìgbésẹ̀ 6: Òkìtì ẹ̀gbẹ́

Ọwọ́, ọwọ́, ẹsẹ̀, ẹsẹ̀: wọ́n ń kan ilẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan lórí ìlà téèpù. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú bẹ́ǹṣì kúkúrú tó fẹsẹ̀ múlẹ̀: ẹ tẹ́ ọwọ́ lé e, ẹ fò láti apá kan sí èkejì, kí ìdí máa ga sí i lójoojúmọ́. Lórí ilẹ̀, ẹ yí ọwọ́ àkọ́kọ́ sí ẹ̀gbẹ́, kí ẹ fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn gbá sókè tagbáratagbára. Ẹni tí kò bá gbá ẹsẹ̀ dáadáa ni ìgúnpá rẹ̀ máa ń ká. Ẹ kọ́ ọ lápá méjèèjì.

Ètò ọ̀sẹ̀, àti ìrora

Ọjọ́ 3 lọ́sẹ̀, ìṣẹ́jú 45, kí ọjọ́ ìsinmi wà láàárín: ìṣẹ́jú 10 fún mímú ara gbóná àti ọrùn-ọwọ́, 10 fún ìgbésẹ̀ 3, 15 fún ohun tuntun, 10 fún nínà ara nígbà tó ti gbóná. Ìṣẹ́jú 5 ti ọrùn-ọwọ́ nìkan ni ti ojoojúmọ́. Ẹ kọjá sí ìgbésẹ̀ tó kàn nígbà tí ẹ bá ti ṣe ti ìsinsìnyí lẹ́ẹ̀mẹta tẹ̀léra láìsí ìrora.

Bí ẹran ara bá ń ro yín fún ọjọ́ kan sí mẹ́ta, tó ń dín kù bí ẹ ṣe ń rìn, kò sí ewu. Èyí tó ń gún yín nínú oríkèé, tó wú, tàbí tí ọwọ́ ń jó tẹẹrẹ tó sì ń kú tipiri, ẹ dáwọ́ dúró. Ìrora ọrùn lẹ́yìn òkìtì, dókítà lọ́jọ́ náà gan-an.

Ti ọmọdé àti olùkọ́

Eré ni kí ó jẹ́ fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 6. Láàárín ọdún 10 sí 14, nígbà tí ọmọ ń ga lójijì, ibi tí eegun ti ń dàgbà lọ́rùn-ọwọ́ ṣì rọ̀, lílò ó ní àlòjù sì lè ba ìdàgbàsókè rẹ̀ jẹ́. Bí ọmọ bá sọ pé ọwọ́ ń dun òun, ẹ má sọ pé ọ̀lẹ ni.

Olùkọ́ gidi máa ń bi yín nípa ìlera yín kí ẹ tó fọwọ́ kan máàtì, ó sì máa ń kọ́ yín ní ṣíṣubú ṣáájú. Kì í jókòó lé ọmọ lẹ́yìn kí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè là. Ní Britain, ìròyìn ìwádìí tí agbẹjọ́rò Anne Whyte ṣe lórí jimnásíìkì, tó jáde lọ́dún 2022, fi hàn bí àwọn kan ṣe ń fi ọ̀rọ̀ nípa ìwọ̀n ara dá ọmọ lóró, tí wọ́n sì ń mú ọmọ tó fara pa ṣe ìdárayá. Ibi tí wọn kò bá ti gbà kí òbí jókòó wò, ẹ mú ọmọ yín kúrò níbẹ̀. Ní Nàìjíríà, Gymnastics Federation of Nigeria ni àjọ tó ń mójú tó eré yìí. Ẹni tó wà ní Britain lè wá ẹgbẹ́ tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ British Gymnastics, púpọ̀ nínú wọn ló ní kíláàsì àgbàlagbà.

Fún ẹni tó ti kọjá ọdún 60, àti ẹni tó dáwọ́ dúró

Ẹ lè fi ìgbésẹ̀ 5 àti 6 sílẹ̀ pátápátá, kí jimnásíìkì yín sì pé. Ẹ máa ṣe ti ọrùn-ọwọ́ lórí tábìlì dípò ilẹ̀, ẹ máa dìde lórí àga láìfọwọ́ kàn án ní ìgbà 10, ẹ máa rìn lórí ìlà nítòsí ògiri, kí ẹ sì máa kọ́ bí ẹ ṣe máa lọ sílẹ̀ tí ẹ sì máa dìde padà: eékún kan, ọwọ́, ìdí, lẹ́yìn náà ẹ̀gbẹ́, ọwọ́, eékún, kí ẹ di àga mú dìde. Ẹni tó lè ṣe èyí lẹ́ẹ̀marùn-ún kò ní sùn sílẹ̀ di àárọ̀ lọ́jọ́ tó bá ṣubú nínú bálùwẹ̀.

Ẹnikẹ́ni tó bá fi ọ̀sẹ̀ 3 sílẹ̀ nítorí àìsàn, ìrìn àjò tàbí ààwẹ̀, kó fi ìgbésẹ̀ méjì padà sẹ́yìn sí ibi tó dé, kó lo ọ̀sẹ̀ kan níbẹ̀, kó dín iye ìgbà kù sí ìdajì. Bó bá ju oṣù 3 lọ, kó bẹ̀rẹ̀ láti ìgbésẹ̀ 1, kó sì tún ṣe àyẹ̀wò ògiri yẹn kó tó gbé ẹsẹ̀ sókè.